Omi ni ọ̀gá: ẹ́ńjìnnì sìtíìmù rélùwéè àtijọ́, àti obì Rẹ́mọ tó bá a dé Kánò

ỌmọÌkẹ́nnẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. A fẹ́ to àwòrán rélùwéè àtijọ́ sára ògiri fún àwọn ọmọ iléèwé ní Ṣàgámù. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ni ti ẹ́ńjìnnì sìtíìmù kan tó dúró nídìí táǹkì omi gíga, tí èéfín dúdú ń rú lórí rẹ̀. Ohun tí a kọ sábẹ́ rẹ̀ nìyí: “Èéfín ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ojú irin láyé àtijọ́. Wọ́n á da èédú sí i, á sì máa lọ.” Ẹnì kan ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un ṣe kó tó di pé a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìbéèrè kejì: olùkọ́ kan ní kí ló kan Rẹ́mọ nínú ọ̀rọ̀ rélùwéè, nígbà tí ojú irin ò gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Kí ni ká dá a lóhùn?

Ọ̀gá Bọ́ílà (Ìjẹ̀bú-Òde)
Ẹni tó ní kò rí bẹ́ẹ̀ jàre. Èéfín kì í wa ohunkóhun. Omi ló ń wa ẹ́ńjìnnì yẹn. Iná á sọ omi di sìtíìmù, sìtíìmù á ti pístìn, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú páípù ńlá tí wọ́n ń pè ní sìlíńdà, pístìn á ti ọ̀pá, ọ̀pá á yí àgbá ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e láti ẹ̀yìn lọ síwájú. Àpótí iná wà lẹ́yìn, níwájú ibi tí dírẹ́bà dúró sí, omi sì yí i ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lókè. Ooru iná á gba inú àwọn páípù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ju 100 lọ, tí omi inú bọ́ílà, ìyẹn ìkòkò irin ńlá tí omi ti ń hó, bò mọ́lẹ̀, títí á fi dé àpótí èéfín níwájú, lábẹ́ ṣímínì. Omi tó yí àwọn páípù yẹn ká ló ń hó. Nínú bọ́ílà tí gééjì rẹ̀, aago tó ń wọn agbára sìtíìmù, ń ka páùn 200 lórí ínṣì kan níbùú lóòró, omi ò ní hó ní 100°C bíi ti ìkòkò ilé. Ó di nǹkan bíi 198°C. Lára àwọn ẹ́ńjìnnì ńlá, sìtíìmù yẹn á tún padà gba inú páípù mìíràn láàárín ooru iná kó lè gbẹ dáadáa, á wá gbóná kọjá 300°C kó tó wọ sìlíńdà.

Ibi tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé sìtíìmù tó ti ṣiṣẹ́ tán àti èéfín ń gba ṣímínì kan náà jáde. Ìdí pàtàkì wà fún un. Bí sìtíìmù ṣe ń tú jáde pẹ̀lú agbára ló ń wọ́ èéfín tẹ̀ lé ara rẹ̀, èyí sì ń fa afẹ́fẹ́ tuntun gba abẹ́ iná wọlé. Alágbẹ̀dẹ máa ń wá ọmọ tí yóò máa fẹ́ ẹwìrì fún un. Ẹ́ńjìnnì yìí ò wá ẹnikẹ́ni. Bí ẹrù bá ṣe wúwo tó ni yóò ṣe mí tó, bó bá sì ṣe mí tó ni iná rẹ̀ yóò ṣe jó tó. Tó bá dúró sí téṣàn, tí kò mí mọ́, páípù kékeré kan wà tí fáyámàànù, ẹni tó ń da èédú síná, lè ṣí kí sìtíìmù díẹ̀ máa fẹ́ lọ sókè ṣímínì, kí iná má bàa padà jó sí dírẹ́bà lójú.

Títì (Òde Rẹ́mọ)
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Èéfín dúdú inú àwòrán ńkọ́? Àwọn ọmọ á rò pé bó bá ṣe dúdú tó ni agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Fáyámàànù Ìpẹru
Rárá o. Èéfín dúdú jẹ́ èédú tí kò rí afẹ́fẹ́ tó, tó ń sá gba ṣímínì lọ láì jó tán. Ìnáwó lásán ni.

Ẹni tó bá mọ ìdí ààrò gààrí Ìjẹ̀bú á tètè yé e. Ẹni tó ń yan gààrí kì í ti igi mẹ́wàá wọ abẹ́ agbada lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ti í bọ̀ ọ́, kí ooru má bàa lọ sókè sódò. Bẹ́ẹ̀ náà ni fáyámàànù tó mọṣẹ́. Ṣọ́bìrì mẹ́fà sí mẹ́jọ, á fọ́n ọn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn níbi tí iná ti máa ń yára jẹun, á pa ilẹ̀kùn dé, á wá gbójú sókè wo ṣímínì. Èéfín á rí bí eérú fún ìgbà díẹ̀, á sì mọ́. Nígbà tó bá mọ́ ni kó da òmíràn. Tó bá ṣì dúdú, kó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gba òkè iná wọlé.

Iná tó nípọn jù kò lè mí. Èyí tó fẹ́lẹ́ jù máa ń lu ihò, afẹ́fẹ́ tútù á gba ihò yẹn lọ lu ẹnu àwọn páípù, irin á sún kì lójijì, páípù á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ohun kẹta tó ń bà á jẹ́ ni eérú tó yọ́ tó sì dì mọ́ irin abẹ́ iná bí ìdàrọ́ alágbẹ̀dẹ. Ẹni tó bá ń fi irin gígùn ro iná ní gbogbo ìgbà ló sábà máa ń fọwọ́ fà á, nítorí ó ń gbé eérú láti ìsàlẹ̀ wá sí ibi tó gbóná jù, níbi tí yóò ti yọ́.

Èédú Ẹnúgú ni wọ́n ń lò jù nílẹ̀ wa nígbà náà. 1909 ni wọ́n rí i ní agbègbè Udi, 1916 ni ojú irin láti Port Harcourt dé ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń kó o wá sí Èkó. Kì í lẹ̀ mọ́ra nínú iná, ọwọ́ iná rẹ̀ sì gùn. Ṣùgbọ́n àwọn kékèké inú rẹ̀ máa ń fò pẹ̀lú atẹ́gùn, wọ́n á bá ṣímínì jáde ní ẹ̀ta iná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta àwọ̀n irin sínú àpótí èéfín. Tí àwọ̀n yẹn bá lu nígbà ọyẹ́, oko ẹlòmíràn lè jó. Èédú náà ò fẹ́ kí òjò àti oòrùn pa á lọ títí, yóò máa rún ni. Òkìtì rẹ̀ tó bá ga jù lè gbóná láti inú, kó sì gbiná fúnra rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń kọ̀wé nípa èédú yìí, kó dárúkọ àwọn awakùsà 21 tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Iva Valley, lẹ́bàá Ẹnúgú, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1949. Ọwọ́ wọn ni iná wa ti wá.

Títì (Òde Rẹ́mọ)
Ó wọ̀ mí lára. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Bọ́ílà, ẹ ní omi ni ọ̀gá. Bí omi bá tán ńkọ́? Ṣé kò kàn ní dúró ni?

Ọ̀gá Bọ́ílà (Ìjẹ̀bú-Òde)
Ì bá dára bó bá jẹ́ pé yóò kàn dúró. Ibi tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ jù lọ nìyí.

Irin tó bo orí àpótí iná ni wọ́n ń pè ní adé. Iná wà lábẹ́ rẹ̀, omi wà lórí rẹ̀, sìtíìmù sì ń tẹ̀ ẹ́ látòkè. Tí gééjì bá ń ka 200, gbogbo ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóòró adé yẹn ń gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 13. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá bò ó, omi ń gba ooru lára rẹ̀, irin á le dáadáa. Tí omi bá fi í sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀, á pọ́n, á rọ̀, ẹrù tọ́ọ̀nù 13 yẹn á sì tì í wọlé. Apá kan omi inú bọ́ílà tó ti gbóná kọjá 100°C á wá di sìtíìmù lẹ́ẹ̀kan náà. Báyìí ni bọ́ílà ṣe ń bú.

Nítorí náà ni gíláàsì omi, tó ń fi bí omi bọ́ílà ṣe ga tó hàn, fi wà níwájú dírẹ́bà, ó sábà máa ń jẹ́ méjì. Ṣùgbọ́n gíláàsì lè purọ́: bí ìdọ̀tí bá dí ojú ihò rẹ̀, omi àná ni yóò máa fi hàn yín. Bí wọ́n ṣe ń dán an wò nìyí, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti léraléra lójú ọ̀nà. Ṣí ẹnu ìsàlẹ̀ tó ń tú dànù; omi àti sìtíìmù á jọ tú jáde. Pa kọ́ọ̀kì omi nísàlẹ̀. Sìtíìmù nìkan ló yẹ kó máa tú, èyí fi hàn pé ọ̀nà òkè mọ́. Ṣí i padà. Pa kọ́ọ̀kì sìtíìmù lókè. Omi nìkan ló yẹ kó tú, ọ̀nà ìsàlẹ̀ mọ́ nìyẹn. Ṣí i padà, kí o sì pa ẹnu ìsàlẹ̀ tó ń tú dànù. Omi gbọ́dọ̀ fò sókè nínú gíláàsì ní kíá. Bó bá ń rọra gun òkè bí ẹni tó ń ṣàárẹ̀, ibì kan ti ń dí, ẹ má ṣe gbà á gbọ́.

Òkè àti gẹ̀rẹ́ náà tún wà níbẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá kọjú sókè tó ń gun òkè, omi á ṣàn sẹ́yìn, gíláàsì á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá dé góńgó òkè tó wá dorí kodò, omi kan náà á sáré lọ síwájú, adé á yọrí síta. Dírẹ́bà tí kò bá fi omi kún un kó tó débẹ̀ ti pẹ́ jù.

Olùṣọ́ kan tún wà nínú adé fúnra rẹ̀: bóòtì oníhò tí wọ́n rọ òjé sí láàárín. Òjé máa ń yọ́ ní 327°C. Tí omi bá fi adé sílẹ̀, òjé á yọ́, sìtíìmù á tú lu iná pẹ̀lú ariwo ńlá. Ìkìlọ̀ ni o, kì í ṣe ìdáǹdè. Tí èèpá bá bo òjé yẹn lórí, ó lè má ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa yọ ọ́ wò, kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò.

Ọ̀gá Wẹ́dà (Ṣàgámù)
Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ èèpá yẹn, nítorí ó kan ilẹ̀ wa gan-an. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ò ṣàdédé wá sí Ṣàgámù. Òkúta ẹfun ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wa, irú kan náà tó wà ní Ewékorò, níbi tí ojú irin gbà lọ sí Abẹ́òkúta. Omi tó bá gba inú òkúta ẹfun kọjá á kó ẹfun mọ́ra. Tí ẹ bá ń hó o nínú kẹ́tù kan lójoojúmọ́, ẹ ó rí funfun tó le gbagidi ní ìdí rẹ̀. Ẹ fojú inú wo kẹ́tù tó ń hó ẹgbẹẹgbẹ̀rún gálọ̀nù lójúmọ́.

Èèpá yẹn kì í jẹ́ kí ooru dé inú omi. Èédú á máa jó, omi ò ní tètè hó, irin tó wà láàárín á máa gbóná ju ìwọ̀n lọ títí á fi wú tàbí kó sán. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n fi ń fọ bọ́ílà lọ́sẹ̀ kan sí méjì, bí omi àdúgbò bá ṣe le tó. Kì í ṣe fífọ̀ bí ẹni fọ dúrọ́ọ̀mù. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kó tutù pẹ̀sẹ̀, ó lè gba odindi ọjọ́ kan. Ẹni tó bá da omi tútù sínú bọ́ílà gbígbóná kí iṣẹ́ lè yá ti fọ́ ọ: bàbà àti irin kì í sún kì ní ìwọ̀n kan náà, bóòtì gígùn tó so àpótí iná mọ́ ara bọ́ílà á já. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á yọ àwọn ìdérí igun gbogbo, wọ́n á fi họ́ọ̀sì alágbára fọ̀ ọ́ láti òkè wá sílẹ̀, wọ́n á máa fi ọ̀pá irin ha ibi tó dì. Ibi tí ẹrọ̀fọ̀ máa ń gbá jọ sí jù ni ìsàlẹ̀ àpótí iná, yíká ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá tan iná wo ibẹ̀ kò tíì fọ̀ ọ́.

Omi tó dọ̀tí tún ní àrùn kejì. Á máa hó fọ́ọ̀mù bí ìkòkò ìrẹsì tó fẹ́ ru dànù, fọ́ọ̀mù yẹn á sì bá sìtíìmù lọ sínú sìlíńdà. Omi kì í sún kì bíi sìtíìmù. Pístìn á gbá a, ìdérí sìlíńdà á fọ́ tàbí kí ọ̀pá tẹ̀.

ỌmọÌkẹ́nnẹ́
Èyí ti kún ju ògiri wa lọ, mi ò sì kábàámọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń dá a láàárọ̀? Àwọn ọmọ á fẹ́ mọ̀ bóyá kọ́kọ́rọ́ ni.

Fáyámàànù Ìpẹru
Kò sí kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó tutù ráúráú lè gba wákàtí mẹ́rin, ńlá á gba mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó lè fa nǹkan. Nítorí náà ló fi jẹ́ pé òru ni iṣẹ́ ọkọ̀ àárọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kó o tó ṣáná rárá, wo omi. Lẹ́yìn náà, rí i pé rẹ́gúlétọ̀, ọwọ́ tó ń ṣí sìtíìmù sí sìlíńdà, wà ní pípa, ọ̀pá ìyísẹ́yìn-yísíwájú wà láàárín, kọ́ọ̀kì abẹ́ sìlíńdà wà ní ṣíṣí, bíréékì ọwọ́ sì wà ní dídè. Ko eérú àná kúrò lábẹ́ iná àti nínú àpótí èéfín, kí ilẹ̀kùn àpótí èéfín sì pa dé pinpin. Bí afẹ́fẹ́ bá ń yọ́ wọ ibẹ̀, iná ò ní fà. Tẹ́ èédú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí gbogbo ojú irin, kó igi gbígbẹ lé e, fi àkísà tí a rì sínú epo ṣáná sí i. Lẹ́yìn náà, mú sùúrù. Tí iná bá kù gìrì láti ìbẹ̀rẹ̀, òkè bọ́ílà á gbóná nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì tutù, ìjò á sì bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo oríkèé. Nígbà tí gééjì bá tó nǹkan bí 30 ni wọ́n lè ṣí páípù afẹ́ná tí ẹ̀gbọ́n sọ ṣáájú. Dírẹ́bà á ti máa yí i ká pẹ̀lú agolo òróró nígbà náà, gbogbo oríkèé ọ̀pá ló gbọ́dọ̀ mu.

Ìnjẹ́kítọ̀ ló ń ti omi láti tẹ́ńdà, ọkọ̀ ẹ̀yìn tó ń gbé omi àti èédú, wọ inú bọ́ílà. Henri Giffard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣe é ní 1858, kò sì ní ohun kan tó ń yí nínú rẹ̀: sìtíìmù á gba ẹnu idẹ tẹ́ẹ́rẹ́, á kó omi tútù mọ́ra, á di omi nínú rẹ̀, ìyára rẹ̀ á sì ti ilẹ̀kùn bọ́ílà ṣí. Tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, á máa kọrin jẹ́ẹ́jẹ́, páípù ìdànù ò sì ní kán nǹkan kan. Ọ̀tá rẹ̀ ni omi gbígbóná. Tí oòrùn bá ti pa tẹ́ńdà láti àárọ̀, tàbí tí fáàfù bọ́ílà ń jò padà sẹ́yìn, sìtíìmù ò ní rí omi tútù tí yóò sọ ọ́ di omi, á kàn máa bì í síta ni. Pa á, da omi tútù lé ara idẹ rẹ̀, tún un gbìyànjú. Méjì ló máa ń wà lára ẹ́ńjìnnì. Tí méjèèjì bá kọ̀, tí omi sì ń lọ sílẹ̀ nínú gíláàsì, ohun kan ṣoṣo ló kù: tú iná dànù.

Olóbì Sábó (Ṣàgámù)
Ìbéèrè kejì lèmi fẹ́ dáhùn. Ẹ sọ fún olùkọ́ yẹn pé ojú irin ò wá sí Rẹ́mọ, Rẹ́mọ ló lọ bá ojú irin. Obì la gbé lọ.

Àwọn ará Òkè Ọya ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ àbàtà, èyí tó máa ń ní awẹ́ mẹ́ta sí mẹ́fà. Gbànja ni wọ́n ń fẹ́, aláwẹ́ méjì, òun ni wọ́n ń pè ní góró. Kí gbànja tiwa tó gbilẹ̀, láti Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá sí Èkó, kí rélùwéè tó gbé e lọ sí Kánò. Nígbà tí oko gbànja Agége àti ti Rẹ́mọ bẹ̀rẹ̀ sí í so, tiwa gba ipò rẹ̀. Sábó tó wà ní Ṣàgámù títí dòní, obì ló dá a sílẹ̀. Lọ́rì ló ń kó o láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí ìdí ojú irin.

Ìrìn àjò yẹn lè pa obì bí a ò bá mọ bí a ṣe ń dì í. Lẹ́yìn tí a bá pa pádi rẹ̀, èèpo ńlá tó bò ó, a ó rẹ ẹ́ kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rà, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì fi í sínú agbọ̀n pẹ̀lú ewé kó làágùn fún ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó ṣa á: èyí tó lu, tí kòkòrò ti yé sí nínú, kò gbọ́dọ̀ wọ ẹrù, nítorí ìdin ọ̀kan á ran agbọ̀n kan. Ewé tútù la fi ń tẹ́ agbọ̀n, nípọn ní ìdí àti ẹ̀gbẹ́, a ó fi bò ó lórí, a ó sì fi okùn dì í pinpin. Tí ewé bá gbẹ, obì á hunjọ, á le bí igi. Tí omi bá pọ̀ jù, á bu funfun. Ẹni tó bá ń bá ẹrù lọ máa ń ti ọwọ́ bọ àárín agbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá dúró pẹ́. Tó bá gbóná lọ́wọ́, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn: tú u, tẹ́ ẹ sí ibòòji, ṣa á, fi ewé tuntun dì í. Wágọ̀nù onírin tó ti pa dé gbáú kò yẹ obì rárá, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọ̀ ọ́.

Títì (Òde Rẹ́mọ)
Ẹ jẹ́ ká fi ọdún sí i. Ṣé 1901 ni ojú irin dé Kánò?

Ọ̀gá Bọ́ílà (Ìjẹ̀bú-Òde)
Rárá, 1901 ni wọ́n ṣí ti Ìbàdàn. Láti Ìdó, ó gba Agége, Ifọ̀ àti Abẹ́òkúta lọ. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì so mọ́ ti Kánò ní 1912. Ọdún yẹn náà ni wọ́n pa rélùwéè Èkó àti ti Baro, èbúté kan lẹ́bàá Odò Ọya, sí Kánò pọ̀ di ọ̀kan. Afárá Jẹ́bà parí ní 1916. Kó tó di ìgbà náà, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé wágọ̀nù sọdá Odò Ọya. Fífẹ̀ láàárín irin méjèèjì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀, èyí tí í ṣe 1,067 mm.

Ní ti Ìjẹ̀bú, ogun Ìmàgbọ̀n ti 1892 ti ṣí ọ̀nà wa fún ìjọba Èkó kí ojú irin tó bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ Abẹ́òkúta ló gbà. Ẹrù tiwa ń bá ọ̀sà lọ láti Èjìnrìn àti Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn náà lọ́rì. Ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021, tó jẹ́ 157 km tí fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 1,435 mm, Abẹ́òkúta náà ló tún gbà. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

Títì (Òde Rẹ́mọ)
Ìró rẹ̀ ni tèmi. “Fàkà-fìkì, fàkà-fìkì.” Kí ló fà á tó fi máa ń le níbẹ̀rẹ̀, tó wá ń rọ̀?

Fáyámàànù Ìpẹru
Sìlíńdà méjì ló ní, sìtíìmù sì ń ti pístìn kọ̀ọ̀kan láti iwájú àti láti ẹ̀yìn. Nítorí náà, ẹ̀mí mẹ́rin ló ń mí bí àgbá ẹsẹ̀ bá ṣe ń yí lẹ́ẹ̀kan. Tí ìbú àgbá náà bá jẹ́ ínṣì 48, á yí nǹkan bí ìgbà 420 nínú máìlì kan. Ní máìlì 10 ní wákàtí kan, ìyẹn ń lọ sí ìró bíi 280 ní ìṣẹ́jú kan. Etí ṣì lè kà á. Ní máìlì 30, ó ti di 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á wá dún bí ìlù tí a fọwọ́ pa.

Bó ṣe le níbẹ̀rẹ̀ ní ìdí tirẹ̀. Tó bá fẹ́ gbéra, dírẹ́bà á jẹ́ kí sìtíìmù wọ sìlíńdà fún nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìrìn pístìn. Sìtíìmù ṣì ní agbára púpọ̀ nígbà tó ń jáde, ìdí nìyẹn tó fi ń ké. Tí ọkọ̀ bá ti ń sáré, á fa ọ̀pá ìyísẹ́yìn-yísíwájú sẹ́yìn kí sìtíìmù wọlé fún bí ìdá mẹ́rin péré, kí ó máa fẹ̀ fúnra rẹ̀ dé òpin. Ó ń ṣiṣẹ́ púpọ̀ pẹ̀lú omi díẹ̀. Dírẹ́bà tó bá gbàgbé ọ̀pá yẹn síwájú á gbẹ tẹ́ńdà kó tó dé téṣàn tó kàn.

Ẹ tún wo funfun tó ń tú jáde lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bá fẹ́ gbéra. Sìtíìmù tó ti di omi nínú sìlíńdà tútù ni wọ́n ń tú dànù, kó má bàa fọ́ ìdérí. Tí òjò bá sì mú ojú irin yọ̀, àpótí iyanrìn gbígbẹ wà lórí bọ́ílà, páípù ń gbé e wá síwájú àgbá ẹsẹ̀. Orí bọ́ílà ni wọ́n gbé e sí kí ooru lè máa gbẹ ẹ́. Iyanrìn tó tutù á dí páípù.

Ọ̀gá Wẹ́dà (Ṣàgámù)
Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ wò ó: Jaekel House wà nínú ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, ilé onípákó tí wọ́n kọ́ ní 1898, àkójọ ohun rélùwéè àtijọ́ wà níbẹ̀. Ìkìlọ̀ kan nípa ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí ẹ bá rí níbikíbi: ohun funfun bí òwú tí wọ́n fi bo bọ́ílà lábẹ́ páànù sábà máa ń jẹ́ asbestos. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kí ọmọ kankan má fọwọ́ ya á, kí ẹnikẹ́ni má sì gbá a.

ỌmọÌkẹ́nnẹ́
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ohun tí a ó kọ nìyí: “Omi ló ń wa ẹ́ńjìnnì yìí. Iná èédú ń sọ omi di sìtíìmù, sìtíìmù ń ti pístìn. Ó dúró nídìí táǹkì láti mu omi. Èéfín dúdú yìí fi hàn pé iná rẹ̀ kò rí afẹ́fẹ́ tó. Irú rẹ̀ ló gbé obì Rẹ́mọ lọ sí Kánò láti 1912.”

Olóbì Sábó (Ṣàgámù)
Ẹ yọ “láti 1912” kúrò lẹ́yìn obì Rẹ́mọ. 1912 ni ọ̀nà ṣí, ṣùgbọ́n ti Gold Coast ló kọ́kọ́ gbà á. Gbànja tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà lóko nígbà náà. Ẹ kọ ọ́ pé: “Ojú irin dé Kánò ní 1912. Nígbà tí gbànja Rẹ́mọ so, òun náà bá a lọ.”

ỌmọÌkẹ́nnẹ́
Mo ti yí i padà. À ń lẹ̀ ẹ́ lọ́la.